Ìbéèrè Òǹkàwé: Windows Kò Tàn Lórí SSD Tuntun

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo da gbogbo fáìlì inú C kọ sórí SSD tuntun (irú díìsì ìpamọ́ tó yára), ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ díìsì àtijọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ní òun kò rí Windows. Ṣé SSD náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Inú C nìkan kọ́ ni Windows wà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo UEFI, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, abala kékeré kan wà lórí díìsì tí a ń pè ní EFI, tí ó sábà máa ń jẹ́ 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí kì í sì í hàn láàárín àwọn fáìlì yín. Ibẹ̀ ni ohun tó ń jí Windows wà, fáìlì dídàkọ lásán kò sì lè kó o dání. Ẹ dá díìsì àtijọ́ padà, kí ẹ wá fi Clonezilla, ètò ìdàkọ díìsì tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, da odindi díìsì náà kọ, bí SSD yín kò bá ti kéré sí i. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ dáàbò bo díìsì, bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, kí SSD nìkan wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì nu díìsì àtijọ́ títí ẹ ó fi ṣí àwọn ìwé àti àwòrán yín wò lórí èyí tuntun.