Kọ́ńtírátọ̀ ri píìlà sínú oko ẹ̀fọ́ àdúgbò wa: kí la lè ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ní àdúgbò wa ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, ó ti ju ọdún 10 lọ tí àwa ìyá àtàwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá sórí ilẹ̀ kan létí odò. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, ló fún wa láyè lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá náà sì ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́ńtírátọ̀ kan ri píìlà mọ́ àárín ebè wa, ó ní òun ti ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí. Ṣé a lè dá a dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira o. Kò pẹ́ jù láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé iye ọdún tí ẹ ti fi dáko. Ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún kì í tìtorí pé ó pẹ́ níbẹ̀ di onílẹ̀. Bí lọ́yà kan bá ní òun á bá yín gba ilẹ̀ náà ní kóòtù, ẹ di owó yín mú.

"Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí" tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìfi ti àwọn àgbààgbà ìdílé ṣe, títà náà dúró títí tí àwọn yẹn yóò fi ní kí kóòtù fagi lé e, kóòtù kì í sì í dá ẹni tó bá fi falẹ̀ lóhùn. Ẹ ti rí i pé àwọn mọ̀lẹ́bí ló ni ẹjọ́ yìí. Ilé wọn ni kí ẹ lọ. Ẹ béèrè ta ló jẹ Mọ́gàjí báyìí, nítorí n'Ìbàdàn ńbí, oyè náà lè ṣófo pẹ́, ẹni méjì sì lè máa du ú. Ẹ béèrè ta ló fọwọ́ sí ìwé kọ́ńtírátọ̀. Ẹ má ṣe kó èrò lọ. Àgbàlagbà mélòó kan tí bàbá mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ti tó. Bí wọ́n bá gbọ́ tiyín, ẹ ní kí Mọ́gàjí àtàwọn àgbààgbà fọwọ́ sí ìwé fún yín, kí ẹ sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ máa gba rìsíìtì. Ẹni tó ń san nǹkan máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ẹni tó ń jẹ ọ̀fẹ́ lọ.

Ti odò yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn omíyalé August 26, 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa rí àṣẹ ìkọ́lé gbà létí odò bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí pílánì kankan níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò odò àti ebè mọ́ ọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé ẹ ò kọ nǹkan kan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú píìlà kankan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á wá di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yin ni wọn ó sì kó.

Bó bá jẹ́ pé kọ́ńtírátọ̀ yí ohùn padà, tó ní ìjọba ló gba ilẹ̀ náà fún òun, ẹ ní kó mú ìwé wá. Abala 28 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Osho ní 1991, Supreme Court kò gbà pé kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan láti gbé e fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kódà bí ìjọba bá gbà á lọ́nà tó tọ́, abala 29 ní kí wọ́n sanwó irè oko tó wà lórí rẹ̀. Torí náà, ẹ kọ ohun tí oníkálukú gbìn àti bí ebè rẹ̀ ṣe tóbi tó sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí katapílà tó dé.