Ẹ Bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Màmá wà lórí kimó, èmi ni mi ò rí oorun sùn

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe màmá mi, wọ́n ti gba kimó, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì, èmi nìkan ni mo ń tọ́jú wọn torí Èkó làwọn ẹ̀gbọ́n mi wà, owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Tí màmá bá ti wúkọ́ lóru báyìí àyà mi á já, màá dìde lọ gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ọ̀rẹ́ mi fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa jókòó jẹ́ẹ́ tí á kàn máa kíyè sí èémí ẹ̀, ó ní àwọn tó ní jẹjẹrẹ náà ń ṣe é. Páàsítọ̀ wa ní ẹlẹ́sìn Búdà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má dán an wò. Ẹ gbà mí o. *Ọmọ Ìyá Rẹ̀, Ìkéré-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti páàsítọ̀ kúrò nílẹ̀. Wọn ò parọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni irú ìjókòó yẹn ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn ló mú un wọ ọsibítù ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ di kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fáwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Mindfulness ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í pe òrìṣà kankan níbẹ̀, wọn kì í pọfọ̀. Kéèyàn ṣáà mọ̀ pé òun ń mí, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun wà nílẹ̀, tí ọkàn bá sá lọ síbi ìsìnkú tí kò tíì sí, kó mú un padà. Ọkàn dẹ̀ máa sá o, bí ewúrẹ́ tó já okùn ni, ẹ ò ní lù ú, ẹ kàn máa mú un wálé ni. Tó bá jẹ́ orúkọ Jésù lẹ fẹ́ máa pè bẹ́ ẹ bá ṣe ń mí jáde, ta ló ní kẹ́ ẹ má pè é?

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2023 ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ l'Amẹ́ríkà, ASCO, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kejì wọn tó ń jẹ́ SIO, gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n máa fi mindfulness yìí ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́wọ́ tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò sọ pé ó ń pa jẹjẹrẹ o. Ẹni tó bá ní kí màmá fi èémí rọ́pò kimó, ẹ sá fún un.

Àmọ́ tiyín gan-an, èémí kọ́ ló kàn. Ẹ̀ ń dìde lóru torí kò sẹ́ni tó sọ fún yín ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ni ẹ bá ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan. Ẹ ra tẹmómítà, wọ́n ń tà á ní kẹ́mísì. Tí ara màmá bá ti gbóná dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsibítù ni o, òru yẹn náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́, ẹ dẹ̀ má fún wọn ní parasẹ́támọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ wá máa wò ó bóyá á wálẹ̀. Ìdí ni pé kimó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà á sì bá a lọ, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á ló sábà máa ń kéré jù, ìgbà yẹn ni kòkòrò kékeré lè sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà. Tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín ni "kimó ni wọ́n ń gbà." Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, èébì tí kì í jẹ́ kí omi dúró nínú wọn, kí wọ́n má lè mí dáadáa, àwọn yẹn náà kò ṣeé fojú kéré. Irun tó ń já, ó máa hù padà. Kí ẹnu máa korò, kó máa rẹ̀ wọ́n, a ti mọ̀ pé á ṣẹlẹ̀. Ẹnu tó bá bó, ẹ po ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan beki sódà mọ́ lítà omi kan, kí wọ́n máa fi yọ ẹnu. Àgbo tí àwọn aládùúgbò ń gbé wá, ẹ sọ fún dókítà kí màmá tó fi kan ẹnu, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti ń ru ẹrù tó pọ̀ tó.

Bóyá Adó lẹ ti ń gbà á o, bóyá Ìdó, ẹ mú ìwé kékeré dání, ẹ kọ orúkọ oògùn sí i, ìgbà mélòó ló kù, àti nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè lóru. Tí ìyẹn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá lè dán ti èémí wò. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ká ẹsẹ̀ jókòó. Níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tẹ́ ẹ ti ń gúnyán, ẹ gbọ́ ìró odó, ẹ mọ bí ọmọ odó ṣe wúwo tó lọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Màmá náà lè máa ṣe é tí omi bá ń kán sí wọn lára.

Ẹ dẹ̀ pe àwọn ará Èkó yẹn jàre. Owó dáa, àmọ́ owó kì í jókòó ti aláìsàn lóru. Kí ẹnì kan wá sùn níbẹ̀ ní wíkẹ́ńdì, kẹ́ ẹ lọ síbòmíì lọ sùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá wa, ẹni ọdún 74, ní jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Dókítà sọ fún àwa ọmọ, a dẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún bàbá torí ẹ̀rù á pa wọ́n. Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń wo ògiri. Ṣé ká máa fi fídíò ìfọ̀kànbalẹ̀ hàn wọ́n? *Dáwódù, Ìjerò-Èkìtì*

Ìdáhùn: Dáwódù, bàbá ti mọ̀. Àgbà tí gbogbo ilé ń dákẹ́ tó bá ti wọlé, kí lẹ rò pé ó ń rò tó ń wo ògiri? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ní kí oníṣègùn ṣàlàyé ipò ìlera aláìsàn fún aláìsàn fúnra ẹ̀, bàbá ló ni ara wọn. Ẹ má já a lù wọ́n o. Ẹ bi wọ́n léèrè: "Bàbá, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbọ́ ọ tó? Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà sọ gbogbo ẹ̀, àbí kó máa bá wa sọ ọ́?" Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Fídíò kò lè fọkàn èèyàn balẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún un.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ní jẹjẹrẹ o, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo gbìyànjú èémí yẹn, àmọ́ bí mo bá ti dijú, iná tíátà ni mo ń rí, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. *Ìyá Ìbejì, Ọ̀mùò-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ má dijú mọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ la ojú, ẹ wo nǹkan kan ṣoṣo, igi tó wà níta tàbí ife tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Tí ẹkún bá ṣì ń bọ̀, ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ pa á tì títí di ọjọ́ mìíì, gbogbo ara kọ́ ló bá mu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sunkún lójoojúmọ́ tí oúnjẹ ò lọ, tí oorun ò wá, tó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà ní kílíníìkì tó ń bọ̀. Tó bá wá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ má sí láyé mọ́, ẹ má dúró de kílíníìkì rárá, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lónìí, kó bá yín dé ọsibítù. Oògùn wà fún ìyẹn náà, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kéré.