Qungasvik kì í ṣe orúkọ àgbo

Ẹnì kan béèrè ohun tí qungasvik túmọ̀ sí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àgbo kan ni, tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Alaska fi ń wo ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èdè àwọn Yup'ik ni, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Alaska, àpótí irinṣẹ́ ló sì túmọ̀ sí. Òun ni wọ́n fi sọ ètò kan tó ń dáàbò bo ọ̀dọ́ wọn.

Nígbà kan rí, inú qasgiq, ilé tí àwọn ọkùnrin ń gbé pọ̀, ni ọmọkùnrin ti ń kọ́ ọdẹ, tó ń mọ yìnyín tó lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Alakanuk àti Emmonak, abúlé Yup'ik méjì, kó sínú ètò tí wọ́n pè ní àpótí náà, kí ọ̀dọ́ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọtí tàbí kó pa ara rẹ̀. Yunifásítì Alaska Fairbanks bá wọn ṣèwádìí, owó ìjọba àpapọ̀ sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ ni kí ẹ wò: àwọn aṣáájú ìbílẹ̀ ló ní kí àwọn olùwádìí má béèrè ìdí tí àwọn fi ń mutí mọ́, kí wọ́n béèrè ọgbọ́n tí ẹni tí kì í mu ún ń dá.

Lójú tèmi, ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ló ni ìwádìí, n kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wo Barrow, tí à ń pè ní Utqiaġvik báyìí, ìlú àwọn Iñupiat, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn ní àríwá Alaska. Ní 1979, àwọn olùwádìí láti òkèèrè wá wo bí wọ́n ṣe ń mutí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, kì í ṣe tìtorí àwọn Iñupiat ni wọ́n ṣe é. Ní 1980, Philadelphia lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ka àbọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, ni ìwé ìròyìn bá gbé e kiri bí ẹni pé ọtí ti fẹ́ run gbogbo ìlú. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ètò N CREW tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 2024: owó tó lè tó mílíọ̀nù 268 dọ́là láàárín ọdún méje, kí àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ fúnra wọn lè darí ìwádìí lórí oògùn olóró, ìrora àti ìlera ọpọlọ. Àwọn àgbà tó mọ yìnyín ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí owó náà tètè bá wọn láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ àgbo yẹn rẹ́ níbikíbi tí ẹ bá ti kọ ọ́ sí.