Kí ni "ground" tí wọ́n kọ sórí orin Purcell?

Ẹ ní wọ́n fẹ́ kí ẹ dá orin ìrọ̀lẹ́ Henry Purcell (òǹkọ̀wé orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́) kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá rí "on a ground" lórí rẹ̀, ẹ sì ń béèrè pé ṣé ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni.

Ilẹ̀ náà ni, àmọ́ ilẹ̀ orin: ohùn ìsàlẹ̀ kúkúrú kan tí wọ́n ń lù, tí wọ́n tún ń lù, tí akọrin á wá máa rìn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí omele, ó ti yé e dé ìdajì.

Nígbà tí John Dowland tẹ ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní London ní 1597, gbogbo ohun tí ẹni tó ń ta lute (mọ̀lẹ́bí gìtá ni) máa ta ló kọ kalẹ̀; lẹ́tà a, b, c ló fi tọ́ka ibi tí ìka máa tẹ okùn. Nígbà tó fi di ayé Henry Lawes, ẹni tó ṣe orin fún eré John Milton ní 1634, ohùn akọrin àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà ń kọ. Ẹni tó ń ta theorbo, ìyẹn lute ọlọ́rùn gígùn, á fọgbọ́n orí dí àárín. Ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n fẹ́ kó yọ ketekete. Tí ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá kúrú, tí wọ́n sì ń tún un lù, ground nìyẹn.

Ground ti wà ṣáájú Purcell o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò tó o. Bar 5 (bar ni ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí) ni gígùn ground orin yín, tó jáde ní 1688, Purcell sì máa ń gbé e lọ sí kíì (ìpele ohùn) mìíràn kó má baà súni. Bar 5 náà ni ti orin tí Dido ayaba kọ kó tó kú nínú Dido and Aeneas, eré olórin tí Purcell ṣe: ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ kííbọọ̀dù láìfo dúdú, láìfo funfun. Tó bá dé ìsàlẹ̀, á tún padà sókè láti wá sọ̀ kalẹ̀. Gbólóhùn Dido kì í sì í sábà parí níbi tí ground parí sí. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ló ṣì ń sunkún ti ìṣáájú. Ó dákẹ́ tán, ilẹ̀ ṣì ń lọ.

Nítorí náà, ẹ sọ fún atẹdùùrù yín kó má dúró dè yín ní òpin bar karùn-ún.