Omi Wo Ló Wọlé? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìnṣọ́ránsì Omíyalé ní Etíkun Texas

Oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì líle máa ń bẹ̀rẹ̀ létíkun Texas, ìparí oṣù kọkànlá ló sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ní Káúńtì Galveston, Brazoria àti Harris fi ránṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀. A ṣa márùn-ún nínú wọn dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sóònù X ni ilé tí a rà wà, báńkì ò sì sọ pé ká ra ìnṣọ́ránsì omíyalé. A ní ìnṣọ́ránsì ilé, a tún ní ti ìjì. Ṣé ìyẹn ò tó ni? (Ìyá Ìbejì, League City)

Ìdáhùn: Kò tó, ìyá wa. Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé etíkun ń lò, ibi tí omi bá gbà wọlé ló sì máa sọ èyí tí yóò sanwó. Ìnṣọ́ránsì ilé ń mójú tó iná, olè, àti páìpù tó bẹ́ lójijì nínú ògiri. Ti ìjì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ń rà lọ́wọ́ TWIA, ẹgbẹ́ ìnṣọ́ránsì ìjì ti Texas, máa sanwó bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé tí òjò sì gba ojú ihò yẹn wọlé. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba ilẹ̀ wá, ì báà jẹ́ àgbàrá òjò, odò Clear Creek tó kún àkúnya, tàbí òkun tí ìjì tì wọ ìlú, àwọn méjèèjì ò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ìwé kẹta, ìyẹn ìnṣọ́ránsì omíyalé, ló ń san ti ìyẹn. Lẹ́yìn ìjì Ike lọ́dún 2008, ìpìlẹ̀ nìkan ló kù nínú àwọn ilé kan ní Bolivar Peninsula, ẹjọ́ sì pọ̀ láàárín àwọn onílé àti TWIA lórí bóyá atẹ́gùn ló gbé ilé lọ ni tàbí omi.

FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, ló ń ya máàpù omíyalé tó pín ilẹ̀ sí sóònù. Ní ti sóònù X, ohun tó túmọ̀ sí ni pé òfin ò ní kí báńkì fipá mú yín rà á. Kò túmọ̀ sí pé omi ò mọ ọ̀nà ilé yín. Sóònù tí lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tàbí V ni òfin ti mú ẹni tó yá owó báńkì: ewu omíyalé ibẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ó kéré tán, lọ́dọọdún. Bí ẹ bá fi ọgbọ̀n ọdún san owó ilé, ewu yẹn ti di nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. Odò àti òkun sì ni máàpù náà ń wò jù. Kò ka gọ́tà àdúgbò tó dí, tàbí òjò tó rọ̀ ju ohun tí gọ́tà lè gbé lọ. Nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017, òjò tó rọ̀ ní Nederland lé ní ọgọ́ta íǹṣì, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tí omi wọ̀ ní Káúńtì Harris ni kò sì sí nínú sóònù tí wọ́n ti ń fipá múni rà á.

Ẹ tẹ àdírẹ́sì yín sí msc.fema.gov, ẹ ó rí máàpù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tún wá ìwé tí ẹni tó ta ilé fún yín fọwọ́ sí jáde. Láti September 2019 ni òfin Texas ti ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí omi bá ti wọ ilé náà rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, wọ́n kàn ń fọwọ́ sí i ni.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ dúró wò bóyá ìjì kankan máa forí lé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún yìí kí n tó náwó. Èló tiẹ̀ ni wọ́n máa ń san fúnni? (A. O., Pearland)

Ìdáhùn: Ẹ má dúró. NFIP, ètò ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1968 tí FEMA ń bójú tó, máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó sanwó ní August 1, August 31 ni ààbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjì kì í lò tó bẹ́ẹ̀ lórí òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá ń rà á nítorí owó ilé tó ń yá lọ́wọ́ báńkì ló sábà máa ń bọ́ nínú ìdúró yìí.

Iye tí wọ́n lè san kò ju dọ́là 250,000 lórí ilé àti 100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: ẹrù kì í bá ilé wá, ẹ ní láti rà á kún un. Báńkì tó ní kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì, ògiri ló ń rò, kì í ṣe àga yín. Deductible, ìyẹn owó tí ẹ máa kọ́kọ́ dá fúnra yín, sì wà lórí ilé lọ́tọ̀, ó wà lórí ẹrù lọ́tọ̀. Bí ẹ bá mú 2,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ohun tó bàjẹ́ lára ilé jẹ́ 30,000, tí ti ẹrù jẹ́ 9,000, wọ́n á san 28,000 àti 7,000. Wọ́n lè fi deductible 10,000 fà yín mọ́ra torí pé owó ọdọọdún á wálẹ̀. Ẹni tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kó má sún mọ́ ọn.

Iye tí ẹ máa san lọ́dún kò dúró lórí sóònù mọ́. Láti October 2021, bí ilé ṣe jìnnà sí omi tó, bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó àti iye tí wọ́n lè fi tún un kọ́ ni wọ́n ń wò. Iye kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ tó ń ta NFIP máa sọ, nítorí náà ẹ má rìn kiri ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń ra ilé, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ìwé NFIP tẹ́lẹ̀: wọ́n lè yí i sórúkọ yín, ẹ̀dínwó tó ti ń jẹ á sì bá a wá.

Ìbéèrè: Apátímẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ni mo ń gbé ní Houston. Ṣé tèmi kọ́ lọ̀rọ̀ yìí? (Ayálégbé)

Ìdáhùn: Tìẹ náà ni. Ìnṣọ́ránsì onílé ò mọ tẹlifíṣọ̀n rẹ rí, ìnṣọ́ránsì ayálégbé náà kì í sábà san ti omíyalé. NFIP ń ta ti ẹrù nìkan fún ayálégbé. Láti January 2022, onílé ní Texas gbọ́dọ̀ fún ọ níwèé tó sọ bóyá ilé náà wà ní àgbègbè omíyalé àti bóyá omi ti wọ̀ ọ́ láàárín ọdún márùn-ún. Ọkọ̀ rẹ ò sí nínú èyí o, comprehensive ọkọ̀ ló ń san tirẹ̀.

Ìbéèrè: Bí omi bá ti wọlé, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n má baà fi wá ṣeré? (Bàbá Tóbi, Dickinson)

Ìdáhùn: Bí omi bá ti fà, tí iná sì ti wà ní pípa, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gbé tépù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí omi fà sára ògiri nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya á. Ẹ ya nọ́ńbà tó wà lára fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti éàkọ. Ẹ pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má jókòó ti adjuster, ẹni tí wọ́n máa rán wá wo ohun tó bàjẹ́. Sheetrock, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ń bo ògiri nínú ilé, máa ń fa omi sókè: ẹsẹ̀ bàtà kan lè wọlé, kí ògiri sì rin kọjá méjì, òwú inú rẹ̀ á sì mu omi náà mọ́ra. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó máa bu, wọn ò sì ní san owó ìbàjẹ́ tí ẹ lè dá dúró. Ẹ gé ibi tó rin kúrò, ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n kí ẹ gé díẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ lára pákó ilẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún adjuster.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù ni ìwé Proof of Loss, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń sọ iye ohun tí ẹ pàdánù. Ẹ̀yin ni ẹ máa fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn láàárín ọgọ́ta ọjọ́ sí ọjọ́ tí omi wọlé. Adjuster lè bá yín kọ ọ́, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ bí ó bá pẹ́. Ìròyìn tó kọ fún iléeṣẹ́ kò dípò ìwé yìí.

Ẹ má retí owó tuntun lórí ẹrù. Iye tí àga ọlọ́dún mẹ́fà tó lọ́jọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n máa san. Wúrà, iyùn àti irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, 2,500 péré lórí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó tí ẹ kó pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òdo. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ sá lọ, òdo. Àmọ́ wọ́n lè san tó 1,000 lórí àpò yanrìn àti ẹ̀rọ ìfami tí ẹ rà láti fi dí omi, bí rìsíìtì bá wà.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ yín bá kọ̀wé pé owó àtúnṣe ti tó ìdajì iye tí ilé náà tó, ẹ lè ní láti gbé ilé ga sókè kí wọ́n tó gbà yín láyè láti tún un ṣe. NFIP lè san tó 30,000 kún un fún èyí. Ẹ béèrè, torí ẹni tí kò béèrè kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣebí FEMA máa ń fún àwọn tí omi bá ya lówó? (Láti Texas City)

Ìdáhùn: Àyàfi bí ààrẹ bá kéde àgbègbè náà ní ibi àjálù. Owó ọ̀fẹ́ náà kì í tó tún ilé kọ́, èyí tó bá sì ti ọ̀dọ̀ SBA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó, wá, gbèsè ni, ẹ máa san án padà. Ẹni tó bá gba ìrànlọ́wọ́ yìí lórí ilé tó wà ní sóònù A tàbí V gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì omíyalé láti ìgbà náà lọ. Bó bá jẹ́ kó já, kò ní rí irú rẹ̀ gbà lórí ilé náà mọ́ nígbà tí omi bá tún dé. Bó bá ta ilé náà, ó gbọ́dọ̀ kọ èyí sínú ìwé fún ẹni tó rà á.