Level 2 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ fáìlì yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti lo ọdún 6 nídìí pápá bọ́ọ̀lù ní England láìní ìwé ẹ̀rí kankan, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fo Level 2, ìpele kejì nínú ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pápá, kí ẹ bọ́ sí Level 3, èyí tó tẹ̀lé e. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kí ojú yín rí ohun tí ojú mi rí.

Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń yẹni wò fún Level 2: ẹ gé koríko, ẹ dá ilẹ̀ lu kí omi àti afẹ́fẹ́ lè dé gbòǹgbò, ẹ fa ìlà, ẹ tún iwájú góòlù ṣe. Ẹ ti mọ ìyẹn. Fáìlì ẹ̀rí, ìyẹn fọ́tò àti àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ náà, ló gba omi lójú mi. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní gbogbo rẹ̀ dáa, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa mi. Mo kó fọ́tò 60 síwájú rẹ̀. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Déètì dà? Ojú rẹ dà? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é?” Iwájú góòlù tí mo gbin irúgbìn sí ti hù, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù títí ó tún fi di ẹrẹ̀, òtútù sì ti dé. Irúgbìn wo ló fẹ́ hù nínú yìnyín? Àfi ìgbà tí ilẹ̀ tún móoru ni mo tó rí i ṣe. Ọdún kan gbáko! Inú ṣì ń bí mi dòní, torí ẹrẹ̀ ò kan bàtà ọkùnrin yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa yà yín ní fọ́tò pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi ṣe é, kí ọ̀gá yín buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wá yẹ̀ yín wò, kó buwọ́ lùwé kó tó wọ mọ́tò.

Oògùn apèpò ńkọ́? Level 2 nìkan ò fún yín láṣẹ láti fín in. PA1, ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ fún lílo irú oògùn bẹ́ẹ̀, lẹ ó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà PA6, ìwé ẹ̀rí fún fífi tánkì àpọ̀nsẹ́yìn fín in. Ẹ má gbọ́ ti àwọn àgbà tó ń sọ pé ó ti pẹ́ táwọn ti ń fín in láìní ìwé. Àyè yẹn ti dópin láti 26 November 2015. Ẹ fi omi lásán dánra wò: ẹ fín in sínú jọ́ọ̀gì fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wọn ohun tó jáde, ẹ fi ṣírò iye tó máa dà sórí pápá. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́, tó ń darí ènìyàn ni Level 3 wà fún. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ agékoríko nìkan lẹ ń wà, ẹ̀rí wo lẹ fẹ́ kó sílẹ̀?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì: bí ẹni tó ń yẹ̀ mí wò bá lọ, ta ló máa gba fáìlì mi? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú lẹ́tà.