Kọ́kọ́rọ́ SSH méjì lórí kọ̀ǹpútà kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkáǹtì méjì ni mo ní lórí GitHub, ibi tá à ń kó kóòdù pa mọ́ sí, tèmi àti ti ibi iṣẹ́, mo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ SSH (fáìlì tá a fi ń wọlé láìtẹ password) kan náà sí méjèèjì, ó ní "Key is already in use", pé kọ́kọ́rọ́ náà ti wà ní lílò. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Pansẹ́kẹ̀, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò ní gbà á láéláé, torí kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni GitHub fi ń dá ẹ mọ̀. Ṣe òmíì:

ssh-keygen -t ed25519 -f ~/.ssh/id_ise

Fáìlì méjì ló máa jáde. Èyí tó parí sí .pub ni kó o gbé lọ sí àkáǹtì ibi iṣẹ́, ìkejì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ o, kódà bí ọ̀gá bá bèèrè. Wá kọ èyí sínú ~/.ssh/config:

Host github-ise
  HostName github.com
  User git
  IdentityFile ~/.ssh/id_ise
  IdentitiesOnly yes

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ni ssh-agent (ètò tó ń bá ẹ di àwọn kọ́kọ́rọ́ mú) bá lọ fa kọ́kọ́rọ́ tó kọ́kọ́ rí yọ, àkáǹtì tó ò fẹ́ á wá wọlé. Repo (àpò kóòdù) ibi iṣẹ́, git@github-ise lo máa fi clone ẹ̀, ìyẹn ni pé kó o ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ẹ. Tẹ ssh -T git@github-ise wò, á fi orúkọ àkáǹtì kí ẹ. Kó o sì tún user.email (email tí git ń kọ mọ́ iṣẹ́ ẹ) ṣe nínú repo yẹn o, SSH ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.